Ìṣẹ́jú Mẹ́rin tí Ìyá Fà-á-yọ Kò Lè Dúró

Ẹ̀yin náà mọ obìnrin yìí. Bí kò bá sí níbi iṣẹ́ yín, á wà nílé yín, bí kò bá sì sí nílé, ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an. Bí fáànù bá ń dún, ó fà á yọ lára iná. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá gbé ìwé há, ó fà á yọ. Yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò tún un kì bọ̀ ọ́, nǹkan náà yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà fi ń pè é ní Ìyá Fà-á-yọ, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ̀rọ ò yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ṣagídí," ló máa ń wí. "Tó o bá ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀, orí ẹ̀ á pé."

Yàrá kọ̀ǹpútà ló ń bójú tó. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lára, tirẹ̀ sì wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjìlá yìí kò ní ibi tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí nínú ara wọn. Kọ̀ǹpútà àgbà kan wà ní igun yàrá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba iṣẹ́ òòjọ́ wọn láti inú wáyà, láràárọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ilé ẹ̀kọ́ gbé kọ̀ǹpútà àgbà tuntun wá. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà méje ń jí, márùn-ún kò jí mọ́. Àwọn márùn-ún tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni. Ojú wọn á dúdú, lẹ́tà funfun díẹ̀ á sáré kọjá, wọn á sì ní àwọn kò rí ohun tí àwọn máa fi ṣiṣẹ́.

Ìyá Fà-á-yọ fà wọ́n yọ, ó tún wọn kì. Ó tún fà wọ́n yọ. Ṣe ni wọ́n ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún atúnfóònùṣe tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀kọ́.

"Ìyá, káàdì tí wáyà yẹn wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáìlì kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Wọ́n ní gbogbo káàdì ló ń wò."

"Gbogbo káàdì?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ ṣáà máa tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,' títí á fi parí."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan bá na oògùn sí yín, tó ní ó ń wo orí fífọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ dídùn, ó sì ń wo ojú tí kò ríran, ṣé ẹ máa gbé e mì? Ìyá Fà-á-yọ gbé e mì. Ó fi fáìlì náà sí kọ̀ǹpútà karùn-ún, torí nínú àwọn márùn-ún náà, òun ló sún mọ́ tábìlì rẹ̀ jù. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà, ó dé nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dúró gbagidi.

Ó wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìkejì kọjá.

"Ó ti há," ló wí. Ó sì fà á yọ.

Nígbà tó tún un kì, lẹ́tà funfun tó máa ń sáré kọjá tẹ́lẹ̀ kò yọjú mọ́. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí wáyà ti wọlé ti kú. Ìgbà méje ló fà á yọ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà wọlé, ó mú lẹ́tà kan lọ́wọ́. Ìjọba ti ní kí gbogbo awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní fọwọ́ kan sítíárìn mọ́ bí oṣù bá parí, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ìyá wọn, wá bá mi yọ̀," ni awakọ̀ wí. "Yàrá tìẹ ni wọ́n fi mí sí. Ọjọ́ Ẹtì. Àwa méjìlá ni, kálukú pẹ̀lú ìjókòó tiẹ̀. Karùn-ún ni tèmi."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Karùn-ún? Ṣé ẹ ò ṣi ìwé náà kà?"

"Ó wà níbí. Ìjókòó karùn-ún, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pààrọ̀."

"Bàbá wọn, mo ti pa á."

"Ta lo pa?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Awakọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi wakọ̀, iṣẹ́ náà ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ. Kò bínú, ó kàn fa àga sún mọ́ ọn.

"Kí ló tiẹ̀ wà nínú káàdì yẹn tó ń jí kọ̀ǹpútà?"

"Mi ò mọ̀."

"Láti ọdún mẹ́fà tó o ti ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ ni mo wí."

"Èmi náà ò mọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ó sì wù mí kí n mọ̀. Jẹ́ ká lọ béèrè. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà."

Obìnrin tó fa wáyà sí ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n pè. Oníwáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ kan, awakọ̀ náà sì bá wọn níbẹ̀. Oníwáyà tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà karùn-ún, ó yọ pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní eyín aláwọ̀ wúrà jáde, ó sì fi ìka kan ohun dúdú kékeré tó wà lórí rẹ̀. Kò tó èékánná.

"Mà, ẹ wo ibí yìí. Tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí kò ní ìpamọ́ nínú, kò mọ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ mọ orúkọ ara ẹ̀. Ìtọ́ni díẹ̀ ni wọ́n kọ sínú dúdú yìí. Òun ló máa pariwo sínú wáyà pé, 'Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì. Níbo ni kí n ti gba iṣẹ́?' Kọ̀ǹpútà àgbà á wá dá a lóhùn."

"Nínú nǹkan kékeré yìí?" Awakọ̀ ti tẹ orí mọ́ ọn. "Kí ló dé tí méje fi ń jí, tí márùn-ún ò jí?"

"Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, sà."

Ó tú kọ̀ǹpútà kejìlá, ó gbé káàdì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti karùn-ún. Orúkọ ara wọn kò jọra, nọ́ńbà wọn kò jọra. Ó ní àwọn márùn-ún ẹ̀bá fèrèsé ti dàgbà, ìtọ́ni inú wọn kò gbọ́ èdè tí kọ̀ǹpútà àgbà tuntun fi ń fèsì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kọ ìtọ́ni tuntun sílẹ̀, ó kàn kù kí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́ ni.

"Fáìlì tí mo fi sí i ńkọ́?" ni Ìyá Fà-á-yọ béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Oníwáyà wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. "Káàdì ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹnì kan wá yí i padà kó má baà yẹ nọ́ńbà wò. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tó kì bọ̀ ọ́."

"Ó sì há."

"Kò há, Mà. Ó ń nu ti àtijọ́ kúrò ni. Tó bá ń nu, kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ fà á yọ, ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé."

Ìyá Fà-á-yọ mú káàdì náà, ó yí i wò.

"Ká ní mo dúró?"

"Ó lè má jí náà, torí fáìlì yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì á ṣì máa gbọ́ tèmi, ǹ bá dá ti àtijọ́ padà sínú ẹ̀. Ní báyìí, mo pè é, kò dáhùn."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

"Bíi mẹ́rin."

Ìyá Fà-á-yọ jókòó. Oníwáyà ní irú káàdì náà kò sí lọ́wọ́ òun, bí òun bá sì ránṣẹ́ lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé. Awakọ̀ ká lẹ́tà rẹ̀ sí méjì, ó fi sápò. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ó dìde, ó lọ síbi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wo inú tèmi. Ọdún kan náà ni wọ́n rà á pẹ̀lú àwọn ti ẹ̀bá fèrèsé."

Irú rẹ̀ gan-an ni.

"Yọ ọ́. Èmi á máa fi bírò kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́."

Oníwáyà yọ ọ́, ó fi sínú karùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti mú fáìlì. Ó ka nọ́ńbà ara káàdì sókè, ó ní kí awakọ̀ ka ti fáìlì, kí òun gbọ́ bóyá wọ́n bára mu. Ó kọ́kọ́ da ìtọ́ni àtijọ́ kọ sínú fíláàṣì, ó fi í pamọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣe, ó ní àfi kí òun rí i kó jí kí òun tó fọwọ́ kan òmíràn. Ó jí. Ó wá ṣe ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Awakọ̀ ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè bí ọmọdé, Oníwáyà sì ń dá a lóhùn.

"Bátìrì yín tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ ti kú," ló wí nígbà tó kan ìkarùn-ún. "Ṣé iná yín kì í lọ?"

"Kì í lọ," ni Ìyá Fà-á-yọ wí.

Ìlà náà gùn. Ó dé ogójì, ó dúró gbagidi. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún Ìyá Fà-á-yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn. Ó wo aago: mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà náà ló gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Láti ìgbà tí iná ti jó yàrá iṣẹ́ káfíńtà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń pa súwíìṣì àgbà ní aago mẹ́rin géérégé. Ojoojúmọ́ ni. Ìyá Fà-á-yọ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n lára débi pé kò wá sí i lọ́kàn nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ iná.

Ó fò dìde, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ọlọ́dẹ níbi tó ti na ọwọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti súwíìṣì, ó ya apá méjèèjì.

"Ìyá, aago mẹ́rin ti lù."

"Kó máa lù."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa pa á."

"Èmi náà ni mo ní kó o má pa á. Wò mí dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa fa nǹkan kan yọ lónìí!"

Ọlọ́dẹ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ti ń gbọ́ oríṣiríṣi nǹkan lẹ́nu obìnrin yìí, kò gbọ́ èyí rí. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀, títí awakọ̀ fi kígbe láti inú yàrá pé, "Ó ti parí! Iná ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣẹ́jú!"

Ní ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ jókòó sí ìjókòó karùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, lẹ́tà funfun sáré kọjá, wọ́n dúró díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ. Títí di òní olónìí, sítíárìn wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ọsibítù, ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń jí dáadáa láti inú wáyà, tí ẹni tó ṣe káàdì kò sì sọ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ tún ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà ara káàdì kí ẹ tó wá fáìlì, kó sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù. Fáìlì tó bá ní gbogbo káàdì lòun ń wò kò wo ìkankan. Ẹ pa ti àtijọ́ mọ́, ẹ dán an wò lára ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé súwíìṣì, ẹ sọ fún un. Bí ìlà náà bá sì dúró, ẹ̀yin náà ẹ dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹ bá dé yàrá Ìyá Fà-á-yọ, ẹ máa rí pátákó pẹlẹbẹ kan tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń bi í ohun tó jẹ́.

"Káàdì ni," ni yóò wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló tọrọ lọ́wọ́ mi, mi ò fún un."