Aránṣọ Kò Fọwọ́ Sí Lẹ́tà Onípákó

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aránṣọ! Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí ibí yìí, kí n máa lọ."

Onípákó ti wọ ṣọ́ọ̀bù tán kó tó kí onílé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti aránṣọ. Ó na bébà kan síwájú obìnrin náà, ó sì yọ bírò lápò.

Aránṣọ kò gba bírò. Ẹni tí kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni, kì í sì í fọwọ́ sí ohun tí kò tíì kà. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka lẹ́tà náà látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìlagi? Sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí?"

Yàrá ìyá rẹ̀ ló wà nídìí ògiri náà. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bí wọ́n bá sì gbálẹ̀ lásán, mímí a di ogun fún un. Ẹ̀rù ba aránṣọ, inú sì bí i.

"Ẹ̀rọ kékeré ni, aládùúgbò àtàtà. Èmi àtẹ̀yin ti kúrò ní àjèjì."

"Ọjọ́ kẹta oṣù ló wà lórí lẹ́tà yìí, òní ti di ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá ni?"

Onípákó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má wo déètì. Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ilé ló ní kí aládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti sọ tinú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé nìyẹn. Àwọn ará ọ́fíìsì gan-an kì í kà á."

"A máa ń kà á o!"

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ohùn náà ti wá. Akọ̀wé obìnrin kan ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ló wà níbẹ̀, tó ń wọn gáùn tuntun wò. Ó yọ jáde, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, torí píìnì kún ìhà gáùn náà. Bírò bọ́ lọ́wọ́ Onípákó.

"Bàbá, ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ aládùúgbò lọ́wọ́ la ti ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiyín pààlà lẹ máa fún ní lẹ́tà. Ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, àti ibi tí wọ́n ti lè rí àwòrán rẹ̀. Ẹ sì máa lẹ ìkéde mọ́ géètì."

"Mo ti lẹ̀ ẹ́!"

"Níbo?" ni aránṣọ bi í. "Mi ò rí i."

"Inú... inú géètì lọ́hùn-ún ni. Kójò má bàa pa á."

Ẹ gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀!

"Ajá yín nìkan ló rí i kà nìyẹn," ni akọ̀wé wí.

Onípákó yíjú sí aránṣọ. "Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni? Ẹni tá a jọ ń gbé!"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ò wo ilé tèmi kẹ́ ẹ tó yàwòrán. Mi ò ní fọwọ́ sí irọ́, bó jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ bí mi!"

Ó mú bírò náà nílẹ̀, ó kọ ọ́ sórí lẹ́tà gàdàgbà pé: "Òní ni mo gbà á. N kò fara mọ́ ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá mi." Ó kọ déètì òní, ó sì fọwọ́ sí i.

"Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀," ni akọ̀wé wí. "Kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀hónú yín wá sí ọ́fíìsì. Èmi kọ́ ni mo máa dájọ́ o."

Aránṣọ lọ lóòótọ́. Onípákó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú déètì tòótọ́. Ọ́fíìsì wá pe àwọn méjèèjì sí ìpàdé, wọ́n sì ní kí Onípákó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìkángun kejì ilẹ̀ rẹ̀, lápá títì, kó sì kọ́lé bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé tàbí sọ ilé di ibi iṣẹ́, ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà kẹ́ ẹ tó lọ gba ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ sì lẹ ìkéde síbi tójú ará àdúgbò ti lè tó o. Ẹ̀yin aládùúgbò, déètì ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó súnmọ́ yín. Bẹ́ni tó mú lẹ́tà wá bá sì ń kánjú, ẹ fún un ní àga, kẹ́ ẹ máa kà á lọ. Ilé yín ló ṣáà dúró sí.