Ìgò Tí Monica Fi Sílẹ̀

Ìgò wáìnì ni ọmọbìnrin náà gbé sétí nígbà tí Akínbọ̀wálé kọ́kọ́ rí i, ó ń tẹ́tí bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń rán níṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ ọdún 1992 ti bo Ọ̀wọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ohùn ẹnikẹ́ni nítòsí ṣọ́ọ̀bù ọtí tó wọ̀. Ara bù ú máṣọ. Síbẹ̀, kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wáìnì tó máa ń hó. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gbéyàwó."

"Ẹ má mú ti ojú fèrèsé yẹn. Oòrùn ti pa á, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn ló dáa."

"Ṣé ìgò ló sọ fún yín ni?"

"Màámi ni."

"Màmá dà?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn ilé. Ó pé ọdún mẹ́ta tí a sin wọ́n."

Ọmọ́ṣaléwá lorúkọ rẹ̀. Akínbọ̀wálé ní tirẹ̀, ọmọ Àkókó ni, tíṣà ní Èmùré-Ilé. Ọkùnrin tí kì í mutí wá di oníbàárà ọlọ́tí.

"Tíṣà, ọ̀rẹ́ yín mélòó ló ń gbéyàwó ná?"

"Ó ku èmi nìkan, olólùfẹ́ mi."

Kí a má fọ̀rọ̀ gùn, ìfẹ́ wọn jinlẹ̀, ó sì kan Bàbá Rufus, bàbá Ọmọ́ṣaléwá. Monica ìyàwó rẹ̀ ti to ìgò wáìnì méje sí yàrá kan kó tó kú, ó ṣí bébà ara gbogbo wọn kúrò. Ó ní ọ̀kan ni òun yàn fún ìgbéyàwó ọmọ òun, ẹni tó bá mú un ni ọkọ. Kò sọ èyí tó jẹ́ fẹ́nì kankan.

Kọngílá kan ti wá, ó gbọn ìgò wò. Akọ̀wé báńkì kan fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kálukú wọn ṣí kò hó rárá. Omi tútù ló jáde, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Àwọn méjèèjì kò padà wá.

"Bí o bá ṣì í mú," ni Bàbá Rufus wí, "má tún wá wo ọmọ mi mọ́."

Ọmọ́ṣaléwá di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo mọ̀ ọ́n, n bá ti sọ fún ọ."

Yàrá náà tutù. Ìgò márùn-ún tó kù ń làágùn nínú ọyẹ́ tó mú ètè gbogbo ayé gbẹ. Akínbọ̀wálé wo ọrùn wọn, ó wo kọ́ọ̀kì wọn, bí ọmọbìnrin náà ṣe kọ́ ọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó nawọ́, ó sì fà á padà. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ. Ta ló ti kí ìyá ọmọ?

Ó bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán o. Èmi Akínbọ̀wálé, kì í ṣe wáìnì ni mo wá mú. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde, kò sì dìde. Ó pẹ́. Ọwọ́ tútù kan rọra kàn án lẹ́yìn, bí àgbà ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ tó dọ̀bálẹ̀. Ló bá dún gbòà! Kọ́ọ̀kì ìgò àárín fò, wáìnì hó yaa, ó ṣàn nílẹ̀ títí ó fi kan ìka rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá Rufus, tó ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, fìdí jókòó, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Monica, ọkùnrin méjì ló ti wọ yàrá yìí ṣáájú, kò sẹ́ni tó kí ọ." Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Dìde, ọmọ mi, ó ti gbà. Ìgbà wo làwọn ará Àkókó ń bọ̀?"

Ọmọ́ṣaléwá sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ ti Akínbọ̀wálé nínú wáìnì náà.

"Ọ̀la ni, Bàámi."