Wáyà Tí Bàbá Ta

Orí àkàbà ni obìnrin oníwáyà wà, tó ki orí bọ inú àjà ilé ìtẹ̀wé, nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa àwọn kọ̀ǹpútà wa lẹ́nu mọ́?"

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ni. Tàdáwà dúdú wà nímú rẹ̀, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Wáyà kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀, láti orí èkínní dé ìkẹyìn. Ó já níbì kan, gbogbo wọn bá yadi. Ẹ jẹ́ kí n fa wáyà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pàdé nínú àpótí kan láàárín."

"Bí àpótí náà bá kú ńkọ́?"

"Gbogbo wọn á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wáyà ọ̀kan bá já, tirẹ̀ nìkan ló kàn."

Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó, ó ní kó tún un sọ. Oníwáyà mọ̀ pé ó ti yé e. Ó tún un sọ náà.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà fàáké kọ́rí. Bàbá ọmọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ta wáyà yẹn mọ́ ògiri. Àjèjì wo ló máa wá tú u, tó tún fẹ́ mú ọmọ lọ?

"Ṣe sùúrù fún mi, adúmáradán," ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ó dun obìnrin náà dọ́kàn. Ó so ibi tó já, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò padà wá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ọmọ mi ní bí kì í bá ṣe ìwọ, kò sẹ́lòmíì. Kò bá mi jiyàn rí."

"Ẹ má bínú, mà."

"N ò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wa ò pọ̀."

"N ò ní tú wáyà náà, mà. Á wà lára ògiri níbi tí wọ́n ta á sí. Tuntun á gba inú àjà."

Omi lé ròrò sójú ìyá. "Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá opó sọ̀rọ̀?"

"Opó ni ìyá tèmi náà."

Ìyá fà á mọ́ra. "Kí lo ń pè é?"

"Màámi."

"Máa pe èmi náà bẹ́ẹ̀."

Níta, ọkùnrin náà ń rìn síwá-sẹ́yìn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Oníwáyà ṣílẹ̀kùn fún un.

"Wọlé, olówó orí mi," ó ní. "Màámi ń pè ọ́."