Omi Tí Wọ́n Fi Pàdé Àna

Láàárọ̀ Sátidé tí àwọn àna fẹ́ kọ́kọ́ wá yọjú láti Òṣogbo, Màmá Ìdùnnú ti fọ ilé wọn n'Íléṣà títí kò fi sí ohun tó kù láti fọ̀. Ẹ ṣáà mọ ìyá tó fẹ́ fa ọmọ fọ́kọ! Ló bá dojú kọ kànga. Lánàá ló ti da kàbólíìkì, oògùn olóòórùn tí wọ́n fi ń lé ejò, yí ẹnu kànga ká. Òjò sì ti gbá lára rẹ̀ wọnú omi. Kò tiẹ̀ bìkítà. Ó tún da odidi ìgò bílíìṣì kan sí i.

"Omi yìí á mọ́ lónìí, àna á mu, á tún bèèrè!" ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, Bàbá Fọláránmi, bàbá ọkọ ìyàwó, dé pẹ̀lú aya rẹ̀, Julianah. Omi la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Ìdùnnú, ìyàwó ojú ọ̀nà, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísìrì nílùú Òṣú, kúnlẹ̀ gbé e wá. Bàbá mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ ó fi ọ̀wọ̀ gbé e mì.

"Omi yín lágbára o," ni bàbá wí.

Òórùn inú ife náà kan Ìdùnnú nímú. Ó já ife gbà lọ́wọ́ àna rẹ̀!

"Ẹ má mu ún mọ́, sà! Mọ́mì, kí lẹ dà sí kànga?"

"Háà! Ìdùnnú, o dójú tì mí!" Ẹ̀rù ba ìyá pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún.

"Mọ́mì, kàbólíìkì ní òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, háídírójìn ló jókòó yí i ká. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kún ara òrùka náà, ohun tí kiloríìnì inú bílíìṣì sì ń wá kiri nìyẹn. Tí wọ́n bá pàdé, kiloríìnì á lé háídírójìn kan dìde, á jókòó sáyè rẹ̀. Òrùka ò ní fọ́, àmọ́ ó ti di nǹkan mìíràn tó lè ṣe ara ní jàǹbá."

"Tá a bá sè é ńkọ́?" ni Julianah bèèrè.

"Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sísè, mà. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún ni."

Inú ti ń run Bàbá. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́sibítù. Nígbà tí dókítà ní kó máa lọlé, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ọmọ tó gbójú já ife gbà lọ́wọ́ mi kí n má baà ṣàìsàn, kí ni mo tún fẹ́ wádìí? Ìyàwó wa nìyẹn!"

"Àmọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́," ni Julianah wí, "a ó gbé omi tiwa wá o!"

Màmá Ìdùnnú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilé mẹ́sàn-án ló ń mu kànga yẹn. Ojúlé dé ojúlé ló fi bẹ àwọn aládùúgbò. Wọ́n fa omi náà gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bu omi tuntun tó sun lọ fún àyẹ̀wò, odidi oṣù kan ni wọ́n sì fi ń pọnmi níbòmíràn. Òun náà ń ru garawa.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, oògùn kan ò gbọdọ̀ pàdé èkejì nínú kànga tàbí nínú garawa yín. Ẹ ka ara ìgò kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí omi bá sì ń rùn, ẹ la ẹnu sọ ọ́, kódà bó jẹ́ ilé àna lẹ wà.