Wáyà Tó Lọ sí Ilé Ẹ̀yìn

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni Aníwúrà kọ́kọ́ rí. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ láti Ìjù-Odò, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ló bá gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ méjì lórí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ní Igbodigo. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti sọ páànù náà di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọkùnrin kan dì mọ́ òpó áńtẹ́nà níbẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ṣé ó ti mọ́? Ẹ dá mi lóhùn o!"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lucas, baba Aníwúrà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Lucas, tó yẹ kó dúró ti tẹlifíṣọ̀n, ti lọ bá ẹni tó wá ra epo lẹ́yìnkùlé. Aníwúrà sáré wọlé. Òjò funfun ń rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ojú obìnrin kan sì ń yọ fírífírí láàárín rẹ̀. Aníwúrà yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ yí i sí apá Ìrẹ̀lẹ̀!"

"Àlejò ni mí! Ibo ni Ìrẹ̀lẹ̀ wà?"

"Ibi tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí!"

Ọkùnrin náà yí i.

"Ẹ padà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe gbogbo ayé ni kí ẹ yí! Ó tó. Ẹ má mí!"

Ọkùnrin náà, Oyèkànmí, kò mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Òkìtìpupa, tó máa ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe tí ó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì rí ojú ẹni tó ń pàṣẹ fún un, ohùn nìkan ló gbọ́, ẹ̀rín sì wà nínú ohùn náà. Ká sọ òótọ́, àwòrán ti mọ́ tipẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó kàn jókòó sókè níbẹ̀ ni, ó ń wo orí àwọn ọ̀pẹ títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ, ó ń retí kí ohùn náà tún sọ̀rọ̀.

Ọdún 1994 nìyẹn. Iṣẹ́ tí Bàbá Lucas gbé fún un kò tíì tán. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mildred, tó bí Aníwúrà, ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, orúnkún rẹ̀ kò sì gba àtẹ̀gùn méje ilé iwájú mọ́. Yàrá kan ní ilé ẹ̀yìn ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kan fún un, ó wá ní kí Oyèkànmí fa wáyà gba àgbàlá kọjá, kí àwòrán tó wà níwájú lè dé ẹ̀yìn.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Níwájú, àwòrán mọ́ kedere. Lẹ́yìn, òjò funfun ṣáá ni. Oyèkànmí ní wáyà náà gùn jù, agbára ti tán lójú ọ̀nà. Ó so búsítà mọ́ ọn, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún àwòrán lágbára. Àwòrán dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yọjú ló ní orí méjì. Ó gbé wáyà náà kúrò lára páànù, orí padà di ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò gidi rọ̀, omi wọ ojú ibi tó ti so wáyà pọ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aníwúrà ló gbé oje rọ́bà wá láti oko. Ó ní ohun tí ìyá ìyá òun fi ń dí garawa tó bá ń jò nìyẹn. Wọ́n jọ ń fi í bo ojú wáyà, ìka wọn sì lẹ̀ mọ́ra. Kò sí èyí tó yára yọ tirẹ̀ kúrò nínú àwọn méjèèjì.

Sátidé lọ, Sátidé dé. Oyèkànmí á gun òrùlé, Aníwúrà á dúró lójú fèrèsé ìyá rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ó ti mọ́."

"Ṣé ó mọ́ dáadáa? Tún wò ó."

"Ó mọ́ látìgbà tí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kàn fẹ́ràn kí n máa dá yín lóhùn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀! Mo fẹ́ràn ìwọ náà, Aníwúrà!"

Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láti orí òrùlé, ó di dandan kó pariwo. Oyèkànmí gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni èyí. Àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà dúró. Bàbá Lucas, tó ń gbé ìdì ẹyìn kọjá nísàlẹ̀, rọra gbé e kalẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀, Tíṣà," ó wí. "Mo gbọ́. Gbogbo Igbodigo ló gbọ́."

Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn.

"Mildred ni àkọ́bí mi. Àlejò bíi tìẹ ló gbé e lọ sí Kàdúná. Ọdún kẹfà rè é, a ò fojú kàn án. Ìjọba lè gbé tíṣà lọ síbikíbi. Kí ló máa jẹ́ kí n gbà ọ́ gbọ́?"

Bàbá Lucas nawọ́ sí wáyà tó gba àgbàlá kọjá.

"Ó dáa. Bí àwòrán ìyàwó mi bá mọ́ fún oṣù kan gbáko, tí a ò ránṣẹ́ pè ọ́, n ó mọ̀ pé o máa ń ṣe nǹkan dé gbòǹgbò. Kó àwọn ènìyàn rẹ wá nígbà náà. Bó bá bàjẹ́, má mẹ́nu kan ọma mi mọ́."

Oṣù yẹn rìn bí ìgbín. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Aníwúrà á jókòó ti ìyá rẹ̀, kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú tẹlifíṣọ̀n, bóyá àwòrán mọ́ nìkan ló ń wò. Ó máa ń fọkàn ya yàrá kan tí kò tíì rí rí, tí òun àti Oyèkànmí jọ ń gbé. Ìyá rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń dá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwòrán bàjẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Oyèkànmí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Áńtẹ́nà kò yẹ̀. Oje rọ́bà kò là. Iná búsítà ń tàn. Ó wọ yàrá Ìyá Mildred, ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ti tú ìdè kékeré tó di wáyà mú. Àmì ìka wà lára wáyà funfun náà, ó dúdú, ó sì ń rùn fún àdí. Àdí ni Ìyá Mildred fi ń pa orúnkún rẹ̀ láràárọ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá náà ti kọjú sí ògiri.

Oyèkànmí yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó nu àmì ìka náà kúrò, ó dè é padà, ó sì jáde tọ Bàbá Lucas lọ. "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. N kò dè é le tó."

"O mọ ohun tí a jọ sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Aníwúrà lé e dé ìdí ọsàn. "Kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀ wọ́n? Ṣé bí mo ṣe rọrùn láti fi sílẹ̀ nìyẹn?"

"Olólùfẹ́ mi, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ojú máa tì." Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Aníwúrà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún tẹ̀dùntẹ̀dùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwòrán fi mọ́ gaara tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, tí Aníwúrà tún ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá rẹ̀ ní kó bá òun pe bàbá rẹ̀ wá.

"Bàbá Mildred, èmi ni mo tú wáyà yẹn."

Bàbá Lucas rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bó bá mọ́ pé oṣù, ulé mi á ṣófo. Ọmọkùnrin yẹn rí ọwọ́ mi níbẹ̀, ó nù ún kúrò, ó sì gba ẹ̀bi mi rù. Ẹni tó lè bo àṣírí mi báyìí, bí a ò bá fún un lọ́ma wa, ta la fẹ́ fún?"

Bàbá Lucas kò jẹun ọ̀sán. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa fúnra rẹ̀, ó sì gbé Oyèkànmí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà bọ̀.

Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá ilé ẹ̀yìn. "Màmá, n kò lè ṣèlérí pé ìjọba ò ní gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí mo bá wà, bí àwòrán yín bá bàjẹ́, èmi àti Aníwúrà la máa wá tún un ṣe."

Ìyá náà wò ó, ó nu ojú ara rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé n ó máa tú u lóṣooṣù?"

"Mo mọ̀, Màmá."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún kẹta, ìjọba gbé Oyèkànmí lọ sí Ọ̀wọ̀. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, awakọ̀ kan á mú bébà kékeré kan wá láti Igbodigo: "Tẹlifíṣọ̀n Màmá ti bàjẹ́." Oyèkànmí kì í béèrè ohun tó ṣe é. Aníwúrà á ti di ẹrù, òun náà á sì mú sukurudiráfà kan ṣoṣo, wọ́n á gba ilé lọ.