Agboolé Kò Gba Ẹ̀rí Ìbíwùmí

Ẹ̀ẹ̀keje rèé tí Ìbíwùmí tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, èsì kan náà ni ẹ̀rọ ń fọ̀: "Agboolé kò gba ẹ̀rí rẹ."

Agboolé ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ńlá tó wà nílé ayé, tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá wà lókèèrè, bíi Ìbíwùmí tó ń dá fa omi lábẹ́ ilẹ̀ Òkè-Pupa, ayé eléruku tó jìnnà réré sí tiwa, ọ̀nà kọ̀rọ̀ ló ń gbà débẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà náà gba òfuurufú, ojú àjèjì kì í sì í rí ohun tó ń kọjá nínú rẹ̀. Ọ̀nà ṣí. Ọ̀rọ̀ ìwọlé pé. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀. Ẹni tí Agboolé kò bá sì gbà wọlé, ọkọ̀ kò ní gbé e relé.

Àárọ̀ yẹn gan-an ló jí. Ìjì eruku ló bo dígí tó ń gba iná oòrùn, ni ẹ̀rọ ibùdó rẹ̀ bá tẹ́ ẹ sínú àpótí òtútù kó máa sùn títí ojú ọjọ́ yóò fi mọ́. Aago ara ògiri ní ogójì ọjọ́ ló fi sùn.

Ó ránṣẹ́ sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni ohùn fi ń lọ, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni èsì fi ń bọ̀. Ó jókòó, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

Ohùn méjì ló dé pa pọ̀: ti Làmbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti ti Baba Odùkọ̀yà, àgbà tó ń ṣọ́ ìwé orúkọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni Làmbẹ̀ wí. "Aago yín ló fa á. Bí ó bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti Agboolé, lẹ́yìn tó bá ti yọ àkókò ìrìn ohùn kúrò, kò ní gba ẹ̀rí yín, kí olè má baà fi ẹ̀rí àná wọlé lónìí."

"Dúró ńbẹ̀!" Baba dá a lẹ́nu. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ orúkọ obìnrin yìí mọ́ ti àwọn olóògbé. Ta ló mọ ẹni tó jí ohùn rẹ̀ lò?"

"Baba, ẹ̀rí rẹ̀ pé. Aago nìkan ni kò bá a mu."

"Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ìwé nìyẹn, Baba. Èèyàn nìyí."

Làmbẹ̀ rọra ka ọjọ́ òní. Ìbíwùmí kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún un kà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sùn! Àpótí òtútù ní iná tirẹ̀. Aago kò ní. Nígbà tó ka ogójì ọjọ́ ló kú, kò sì ka ìyókù.

Ó yí aago, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró de èsì. Ilẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n "Olóògbé" ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Akínlàjà ọkọ mi ńkọ́?" ló béèrè. Ó tún dúró.

Nígbà tí ohùn Baba padà dé, ó ti rọ̀. "Ọmọ mi, ó retí rẹ fún ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo ní kó fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí mo bá dá orúkọ rẹ padà, Agboolé yóò kéde rẹ fún gbogbo ilé lójú ẹsẹ̀, mi ò sì lè dí i lẹ́nu. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbíwùmí di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Ẹ dá a padà, Baba. Mi ò kú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara yín lọ bá a, kó má jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni yóò ti gbọ́. Ẹ ní mi ò bínú."

Àtigbà tí ohùn rẹ̀ ti gbéra ni omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, torí irọ́ ló pa. Inú ń bí i, inú ń bí i gan-an, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí ìbínú náà tọ́ sí.