Ìkùnsínú Adédùntán

Ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí Adédùntán wọ̀ dúró ní Ìnísà, Felicia sì sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Adédùntán, sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gbé ìdánwò ìwọlé wa kúrò ní Ìkìrun wá síbí. Àná tí o wà ní Igbáyè ni wọ́n kéde rẹ̀. Tíṣà Morákinyọ̀ ní kí n máa wọ̀nà fún ọ."

Adédùntán di ìjókòó rẹ̀ mú. Ta ni Felicia fẹ́ tàn? Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ní Òkukù, ṣé òun nìkan ni Tíṣà rí rán? Ní ọdún 1957 yẹn, ọmọ mẹ́wàá péré ni ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fẹ́ gbà. Bí ẹnìkan bá pàdánù, àǹfààní ẹlòmíràn ni. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Tíṣà nà án ní ẹgba mẹ́fà nítorí pé ó ká máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì. Felicia nìkan ló mọ̀ pé ó ká a, Adédùntán sì gbà pé Felicia ló tú àṣírí. Kò bi í léèrè rí. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Adédùntán ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dájọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ Felicia wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ní Ìkìrun, títì ni gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwé wà. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ sọ fún un pé ní Ìnísà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò. Ó sáré, ó rìn, ó tún sáré. Nígbà tó máa fi dé ibẹ̀, wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Felicia ló sìn ín délé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ibẹ̀ ni Adédùntán ti wá tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Felicia ní, "Tíṣà fúnra wọn ló rí ọ láti ojú fèrèsé nígbà tí ò ń ká máńgòrò náà. Èmi ò mọ̀ pé à ń jà."

Ìyá àgbà ní àwọn baba wọn ò ṣàdédé pe irú èyí ní ìkùnsínú. Ẹni tí inú ń bí tí kò sọ ọ́ síta, inú ara rẹ̀ ló ń kùn sí. Ẹni tó ń bínú sí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ìwọ tó ń kùn nìkan ni ariwo náà di létí," ni wọ́n wí. "Wọ́n pè ọ́ lójú títì lónìí, o ò gbọ́."

Felicia wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ọdún náà. Adédùntán padà sí ìwé rẹ̀, ó ń dúró de ìdánwò ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fura sí ẹnìkan, ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Adédùntán kò bèèrè gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: méjì tó fi bínú, àti ọ̀kan tó fi dúró.